Wọ́n yọ orúkọ Kojima kúrò lára páálí géèmù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: Ibi tí Metal Gear karùn-ún ti ta àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ, àti ibi tó ti já wọn kulẹ̀

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ná. Ká ní ẹnì kan dáko fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, òun ló ro ó, òun ló gbìn ín, òun ló ń lé ẹyẹ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ìkórè wá kù sí dẹ̀dẹ̀, ni onílẹ̀ bá ní kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ mọ́ oko náà mọ́. Kí lẹ máa pe irú ìyẹn?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2015 nílé iṣẹ́ Konami, ní Jàpáànì, jọ ọ́ gan-an ni. Àwọn èèyàn kàn ṣàdédé rí i pé wọ́n ti yọ orúkọ Hideo Kojima kúrò lára àwòrán páálí géèmù tuntun tí wọ́n ń polówó, ìyẹn Metal Gear Solid V: The Phantom Pain. Bẹ́ẹ̀, Kojima yìí ló dá Metal Gear sílẹ̀ lọ́dún 1987, òun náà ló sì darí èyí tí wọ́n ń polówó ẹ̀ lọ́wọ́. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ariwo ti ta láàárín àwọn olólùfẹ́ géèmù káàkiri ayé. Wọ́n ní ìjà ti dé láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń bi ara yín pé ta ló ń jẹ́ Konami, ẹ mọ̀ wọ́n o, ẹ kàn lè má mọ̀ pé ẹ mọ̀ wọ́n ni. Àwọn ló ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Winning Eleven, tó tún ń jẹ́ PES, èyí táwọn ọmọ wa fi ń na ara wọn láwọn ṣọ́ọ̀bù géèmù l'Ékòó àti n'Íbàdàn kí wọ́n tó yí orúkọ ẹ̀ padà sí eFootball lọ́dún 2021. Àmọ́ Metal Gear kì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù. Géèmù ogun ni, ó kàn jẹ́ pé ogun ibẹ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀, wọn kì í kí ẹni tó bá yìnbọn jù kú iṣẹ́. Ẹni tó yọ́ wọ àgọ́ ọ̀tá tí ajá ò gbó, tí ẹ̀ṣọ́ ò fura, tó ṣe ohun tó wá ṣe, tó sì tún bá ẹsẹ̀ ẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, òun lọ̀gá.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni The Phantom Pain jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí ẹ̀ báyìí, síbẹ̀ àwọn tó gbá a ò tíì dákẹ́. Àwọn kan ní kò sírú ẹ̀, àwọn kan ní Konami jẹ àwọn lówó. Àwa náà ti wò ó síwá, a ti wò ó sẹ́yìn, a sì fi wé àwọn tó ti wà ṣáájú ẹ̀. Ohun tá a rí rèé: tó bá jẹ́ ti ká yọ́ rìn, kò sí ìkankan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó tó o. Tó bá jẹ́ ti ìtàn, ó dà bí aṣọ tí télọ̀ gé, tó rán apá kan, tó sì gbé e fún oníbàárà. Síbẹ̀, ibì kan wà nínú ẹ̀ tí eré àti ìtàn ti di ọ̀kan ṣoṣo, ibẹ̀ yẹn la ò sì rí irú ẹ̀ nínú àwọn tó kù.

ÀWỌN Ẹ̀GBỌ́N Ẹ̀ RÈÉ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1986 ni Kojima wọ Konami. Wọ́n ní kó ṣe géèmù ogun sórí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní MSX2. Kọ̀ǹpútà yìí ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀tá bá ti pọ̀ lójú ẹ̀, tí ọta ìbọn tún ń fò kiri, ọwọ́ ẹ̀ á dí, kò ní lè gbé e. Òun ni Kojima bá rò ó pé, bí ogun yìí ò bá ṣeé jà, kí ló dé tá ò fi ní máa sá pamọ́ fún un? Bí Metal Gear ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987 nìyẹn. Àìní ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Èkejì ẹ̀ tún jáde lórí MSX2 kan náà lọ́dún 1990.

Nígbà tó di ọdún 1998, Metal Gear Solid jáde lórí PlayStation àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti mọ Solid Snake. Wọ́n rán an lọ sí erékùṣù kan tó kún fún yìnyín ní Alaska, kó lọ dí àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n má baà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Psycho Mantis, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa ka inú ẹni. Kì í ṣe inú Snake nìkan o, inú ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú páàdì lọ́wọ́ gan-an ni. Á yẹ mẹ́mọ́rì káàdì yín wò, á wá máa dárúkọ géèmù Konami tẹ́ ẹ ti gbá tẹ́lẹ̀ fún yín. Ọ̀nà àtilù ú ni kẹ́ ẹ yọ okùn páàdì yín kúrò lójú ihò kìíní, kẹ́ ẹ kì í bọ ìkejì, kó má lè mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ní kẹ́ ẹ pe ọmọbìnrin kan lórí rédíò, ẹ̀yìn páálí tẹ́ ẹ fowó yín rà ni nọ́ńbà ẹ̀ wà. Ẹni tó bá ra ayédèrú sídì tí kò ní páálí, ó di kó máa bẹ ará àdúgbò.

Ọdún 2001 ni èyí tó dá awuyewuye sílẹ̀ dé. Nínú fíìmù ìpolówó Metal Gear Solid 2, Snake ni wọ́n ń fi han gbogbo ayé. Àwọn èèyàn ra géèmù délé, wọ́n gbá a díẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kan, ló bá di pé Snake pòórá. Wọ́n gbé arẹwà ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Raiden lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ní òun ni kí wọ́n máa bá lọ títí dópin. Háà! Inú bí wọn kọjá àfẹnusọ. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè sọ pé yíyọ́ rìn ibẹ̀ ò gbèrú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń pe ara wọn lórí rédíò, bí ọ̀kan nínú wọn ò bá dáhùn, wọ́n á wá a wá.

Lọ́dún 2004, Metal Gear Solid 3: Snake Eater gbé wa padà sí ọdún 1964, nínú igbó kìjikìji ilẹ̀ Soviet. Ẹni tẹ́ ẹ ń lò níbẹ̀ kì í ṣe Solid Snake mọ́, ẹni tí wọ́n mú nínú ẹ̀yà ara ẹ̀ tí wọ́n fi dá Solid Snake ni, òun ló padà di Big Boss. Ẹ ó pààrọ̀ aṣọ kó lè bá ewé àti ilẹ̀ mu, ẹ ó pa ejò jẹ kí ebi má baà ṣe yín, ẹ ó fọwọ́ ara yín yọ ọta ìbọn lára. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀, The End lorúkọ ẹ̀, ìbọn ọ̀nà jíjìn ni tiẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń bá a jà lọ́wọ́, tẹ́ ẹ tọ́jú ibi tẹ́ ẹ dé, tẹ́ ẹ wá pa géèmù náà tì fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó padà bá a pé ogbó ti pa bàbá. Kò sí ìjà mọ́, ó ti tán.

Ẹ̀kẹrin jáde lórí PlayStation 3 lọ́dún 2008. Snake ti di arúgbó nínú eléyìí, ìtàn sì pọ̀ nínú ẹ̀ ju ata inú ọbẹ̀ lọ. Ẹ lè gbé páàdì sílẹ̀, kẹ́ ẹ lọ te ẹ̀bà, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ fọwọ́, kẹ́ ẹ sì padà wá bá wọn lẹ́nu ọ̀rọ̀ kan náà. Ìran ìparí ẹ̀ nìkan lé ní wákàtí kan. Lọ́dún 2010, Peace Walker dé sórí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń mú dání, ìyẹn PSP, òun ló mú àṣà kíkó ọmọ ogun jọ sí ibùdó orí òkun wá, wọ́n ń pe ibùdó náà ní Mother Base. Nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2014, wọ́n mú Ground Zeroes jáde, ìyẹn oúnjẹ ìpanu kí oúnjẹ gan-an tó délẹ̀. Àgọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló parí iṣẹ́ tó gbé ìtàn dání níbẹ̀ láàárín wákàtí méjì, ni wọ́n bá ní owó tí wọ́n gbà lórí ẹ̀ ti pọ̀ jù.

IBI TÓ TI JU GBOGBO WỌN LỌ

Ó wá kan Phantom Pain. Big Boss ti sùn oorun àìmọra fún ọdún mẹ́sàn-án, ọdún 1984 ló jí sí, ó sì rí i pé ọwọ́ òun òsì ti lọ. Láti ibẹ̀, Afghanistan ni wọ́n gbé e lọ, níbi táwọn ọmọ ogun Soviet wà nígbà náà, lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan ilẹ̀ wa ní Áfíríkà, níbi ààlà Angola àti Zaire.

Ohun àkọ́kọ́ tó yàtọ̀ ni pé ilẹ̀kùn ò sí mọ́. Nínú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, yàrá lẹ ó wọ̀, ẹ ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó tún wọ yàrá mìíràn. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ lẹ ó tọ̀. Nínú eléyìí, wọ́n á kàn fi àgọ́ ọ̀tá hàn yín lókèèrè ni, wọ́n á ní ẹni tá à ń wá wà nínú ibẹ̀ yẹn, ó kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ fẹ́ gba ẹ̀yìn òkè? Ó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ fẹ́ dúró dòru? Ẹ tan sìgá, kí àkókò máa sáré lọ. Ẹ fẹ́ lọ ba iná mànàmáná wọn jẹ́ kí gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn? Ọwọ́ yín ló kù sí. Ẹ tiẹ̀ lè ní kí wọ́n fi hẹlikópítà ju àpótí ọta ìbọn sílẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àpótí náà já lé ẹ̀ṣọ́ lórí gbàgà!

Ìkejì, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó gbayì lójú tiwa, ni pé àwọn ọ̀tá ń kọ́gbọ́n. Nínú àwọn tó ti wà tẹ́lẹ̀, bẹ́ ẹ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀ṣọ́ jẹ, ẹ lè fi ẹ̀tàn kan ṣoṣo yẹn jẹun dópin. Àmọ́ níbí, bó bá jẹ́ pé orí lẹ máa ń yìnbọn sí, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa dé akoto irin. Bó bá jẹ́ òru lẹ máa ń wá, wọ́n á gbé awò tí wọ́n fi ń ríran nínú òkùnkùn wá. Òwò tó ń mówó wọlé lánàá, kì í mówó wọlé mọ́ lónìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò l'Ọ́jà Balógun ẹ mọ ohun tá à ń wí. Ó di kẹ́ ẹ dá ọgbọ́n tuntun, tàbí kẹ́ ẹ rán lára àwọn ọmọ yín lọ ba ọ̀nà tí akoto ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn jẹ́.

Ìkẹta ni bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn. Ẹ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ bá ti kùn lóorun, ẹ ó so bàlúùnù ńlá mọ́ ọn, fìrí, ó ti gòkè lọ sójú ọ̀run, ó di ará ibùdó yín. Peace Walker ló kọ́kọ́ ṣe é, àmọ́ níbí, ewúrẹ́ gan-an ò mórí bọ́, wọ́n ń gbé ewúrẹ́, wọ́n ń gbé mọ́tò, wọ́n ń gbé ọkọ̀ ogun. Ohun tí ìyẹn sì fà ni pé ẹ ò ní fẹ́ pa èèyàn mọ́, torí ẹni tẹ́ ẹ bá pa lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni ìbá wo àwọn ọmọ yín sàn lọ́la.

Àwàdà ò sì gbẹ́yìn. Páálí tí Snake ti ń wọ̀ fi sá pamọ́ látọjọ́ yìí ṣì wà ńbẹ̀, wọ́n tún lè lẹ àwòrán mọ́ ọn lára láti fi tan ẹ̀ṣọ́ jẹ. Bí wọ́n bá ń lé yín bọ̀, ẹ lè sá wọ ilé ìyàgbẹ́, kẹ́ ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì ẹni tí inú ń run sí i, ẹ̀ṣọ́ tó bá wá kanlẹ̀kùn á gbọ́ ọ, á fi yín sílẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹṣin tẹ́ ẹ ń gùn náà wúlò. Bẹ́ ẹ bá ní kó yàgbẹ́ sójú títì, mọ́tò tó bá gun orí ẹ̀ á yọ̀, á fì kúrò lọ́nà. A ò purọ́.

IBI TÓ TI KÙ DÍẸ̀ KÁÀTÓ

Ohùn ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Láti ọdún 1998 ni David Hayter ti ń fohùn Snake sọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olólùfẹ́ géèmù sì mọ ohùn náà bí ẹni mọ ohùn bàbá ẹ̀. Lọ́dún 2013, wọ́n kéde pé Kiefer Sutherland, ọ̀gbẹ́ni tó ṣe Jack Bauer nínú eré 24, ló máa ṣe é. Kò sẹ́ni tó sọ pé Sutherland ò mọṣẹ́, àmọ́ nígbà tí géèmù dé, Snake ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ títí, á kàn máa wò wọ́n bí àlejò tí kò gbédè. Ọ̀pọ̀ nínú ìtàn ibẹ̀, inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó o sí, kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ fúnra yín nígbà tẹ́ ẹ bá ráyè. Èyí tó ṣáájú ń sọ̀rọ̀ jù, eléyìí wá yadi.

Ọ̀rọ̀ Quiet náà tún wà ńbẹ̀. Obìnrin ni, ó mọ ìbọn ọ̀nà jíjìn bí ẹni mọwọ́, àmọ́ kòmú àti ìbọ̀sẹ̀ yíya ló fi ń jà lójú ogun. Lọ́dún 2013, tí àwọn kan pariwo pé kí leléyìí, Kojima ní tí wọ́n bá mọ ìdí tó fi wọṣọ bẹ́ẹ̀, ojú á tì wọ́n pé wọ́n sọ̀rọ̀. Ìdí náà rèé: ara ló fi ń mí. Kò jọ wá lójú pé ojú ti ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Àwọn alágbára tẹ́ ẹ máa bá jà ò tún pọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá. Kò sí Mantis, kò sí The End. Nígbà tẹ́ ẹ bá wá wọ apá kejì géèmù náà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn mú un le sí i ni. Ọbẹ̀ àná ni wọ́n gbé kaná.

Èyí tó burú jù ni ti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eli. Ọmọ yìí kó àwọn ọmọdé bíi tiẹ̀ sódì, ó jí ẹ̀rọ ogun gìrìwò kan gbé, ó sì fò lọ. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tó bá a dé? Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n nínú géèmù náà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó máa sọ ọ́, Kingdom of the Flies lorúkọ ẹ̀, wọn ò parí ẹ̀. Àwọn tó ra èyí tó wọ́n jù lọ ló rí fíìmù rẹ̀ lórí àwo kan tí wọ́n fi há a, àwòrán tí kò tíì pé àti ìran tí kò tíì jinná. Ẹ wo nǹkan! Èèyàn san owó tó pọ̀ jù, wọ́n wá fi ilé tí wọn ò kọ́ tán hàn án.

ÈDÈ TÓ Ń PANI

Àmọ́ ẹ má tíì bínú kúrò ńbẹ̀. Ohun kan wà nínú géèmù yìí tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá gbọ́.

Ọ̀tá tó wà níbẹ̀, Skull Face, abúlé kan ní ìlà oòrùn Yúróòpù ni wọ́n bí i sí. Ìjọba kan á gba ibẹ̀, á gbé èdè tiẹ̀ wá. Òmíràn á tún gbà á, á tún gbé tiẹ̀ wá. Títí ọkùnrin náà fi dàgbà, èdè tí ìyá ẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ti dàwátì lẹ́nu ẹ̀. Ó wá rí kòkòrò kan tó ń gbé ní ọ̀fun èèyàn, níbi tí ohùn ti ń jáde. Kòkòrò yìí mọ èdè. Bí wọ́n bá ti fi èdè kan kọ́ ọ, ẹni tó bá ń sọ èdè náà ló ń jí i, á pọ̀ sí i, á sì jẹ ẹ̀dọ̀fóró onítọ̀hún. Ohun tí Skull Face fẹ́ ni kó fi pa èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ́ kúrò láyé. Àmọ́ ta ló kọ́kọ́ kú? Àwọn tó ń sọ Kikongo ni, èdè àwọn èèyàn Kongo àti Angola. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi dán an wò.

Àwa tá à ń kọ̀wé lédè Yorùbá ò lè gbọ́ irú ìyẹn ká rẹ́rìn-ín. Kòkòrò tiwa ò sí ní ọ̀fun, inú ilé ìwé tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ló wà.

Àrùn náà wọ ibùdó yín. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ fi bàlúùnù gbé bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó máa sọ ìdí ẹ̀ fún yín; ẹ̀yin lẹ ó jókòó, tẹ́ ẹ ó máa wo orúkọ wọn, tẹ́ ẹ ó wo ohun tí wọ́n fi jọra, títí tẹ́ ẹ ó fi rí i pé èdè ni. Ẹ ó wá sé wọn mọ́lé. Ẹ ó rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn náà ni àrùn náà á tún padà, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ wọ inú ilé tí wọ́n sé wọn mọ́, kẹ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnì kan tó ti kó o jáde. Ìbọn ọwọ́ yín lẹ ó fi ṣe é. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé yàrá kan, wọn ò ní sá. Wọ́n á dúró, wọ́n á kí yín ní kíkí ọmọ ogun, wọ́n á máa kùn orin. Wọ́n ń dúró de ọta ìbọn yín.

Nínú Metal Gear ẹ̀kẹrin, wọ́n á fi irú ìran bẹ́ẹ̀ hàn yín bíi fíìmù, ẹ ó sì sunkún. Níbí, wọn ò fi hàn yín, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ mọ orúkọ ẹni yẹn, ẹ mọ àgọ́ tẹ́ ẹ ti gbé e. Ohun tá a sọ lókè pé àwọn tó kù ò ṣe irú ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, àmọ́ ìka tó fa ìbọn, kò lè gbàgbé.

Ẹ ò sì gbọdọ̀ gbàgbé Quiet, tá a fi ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó mọ Gẹ̀ẹ́sì nínú kòkòrò náà ló wà lọ́fun ẹ̀, ìdí tó fi dákẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ tó lanu sọ Gẹ̀ẹ́sì, torí kó lè fọ̀nà han hẹlikópítà tó ń bọ̀ wá gba ẹ̀mí Snake là nínú ìjì iyanrìn ni. Ó sọ ọ́ tán, ó sì bá tiẹ̀ lọ, kí òun má baà kó ikú ran ẹlòmíràn.

Ẹni tí kò bá tíì gbá a dópin, kó fo ìpínrọ̀ tó kàn yìí. Ní ìparí, wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹni tẹ́ ẹ ti ń lò látìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe Big Boss. Dókítà inú hẹlikópítà kan ni, wọ́n ṣe ojú ẹ̀ bíi ti Big Boss, wọ́n sì yí i lọ́kàn padà títí òun náà fi gbà pé òun ni. Àwọn kan ní Raiden ọdún 2001 ni Kojima tún gbé wá. Wọn ò jẹ̀bi. Àmọ́ ìgbà yẹn, ó gba akọni lọ́wọ́ wọn ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ akọni náà ni akọni, orúkọ yòówù kó jẹ́.

TA LÓ NI IṢẸ́ NÁÀ?

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wa padà sórí ìjà wọn. Lóṣù kejìlá ọdún 2015, níbi àmì ẹ̀yẹ The Game Awards ní Amẹ́ríkà, géèmù yìí gba ẹ̀bùn. Kojima ò sí níbẹ̀. Geoff Keighley tó ṣètò ayẹyẹ náà sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé agbẹjọ́rò Konami ló ní kí Kojima má wá. Sutherland ló bá a gba ẹ̀bùn náà. Kí oṣù náà tó parí, Kojima kéde ilé iṣẹ́ tiẹ̀, Sony dúró tì í, géèmù àkọ́kọ́ tó ṣe níbẹ̀, Death Stranding, jáde lọ́dún 2019.

Kí Konami náà má baà ní a fi ẹjọ́ wọn dá lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ ká sọ tiwọn. Owó wọn ni. Láti Peace Walker ọdún 2010 sí ọdún 2015, ọdún márùn-ún gbáko nìyẹn, òṣìṣẹ́ ń gbowó oṣù, kò sì sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí kò ní béèrè pé ìgbà wo lọjà máa délẹ̀. Kojima náà kì í ṣe ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ẹni tó bá ń fi owó onílẹ̀ dáko, kó mọ̀ pé onílẹ̀ ń ka oṣù.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi orúkọ náà ṣe lẹ́yìn tó lọ. Lọ́dún 2016, wọ́n gbé Snake Eater sórí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ní Jàpáànì. Lọ́dún 2018, wọ́n ṣe Metal Gear Survive, níbi tí wọ́n ti ń bá òkú tó ń rìn jà, àwọn olólùfẹ́ géèmù sì bú wọn bí ẹni láyin. Èyí tí wọ́n ṣe tí àwọn èèyàn sì gbà tọwọ́tẹsẹ̀ ni Metal Gear Solid Delta, tó jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2025. Kí ni Delta? Snake Eater ọdún 2004 ni, wọ́n tún un kùn, wọ́n sì fi ohùn Hayter àtijọ́ sí i padà. Oko tí Kojima gbìn náà ni wọ́n tún lọ kórè.

Ibi tá a fìdí ọ̀rọ̀ tì rèé. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tó ní orí àti ìrù, kó lọ gbá Snake Eater, ti àtijọ́ tàbí Delta, èyí tó bá rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí yíyọ́ rìn ṣe lè dùn tó, Phantom Pain ni kó wá lọ, kó má sì retí pé wọ́n á sọ ti Eli fún un.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó bá gbá a máa kíyè sí. Lára páálí, wọ́n yọ orúkọ Kojima. Àmọ́ géèmù náà máa ń kọ orúkọ àwọn tó ṣe é sójú tẹlifíṣàn bíi ti fíìmù, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹ bá ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan báyìí ni, bẹ́ ẹ bá sì parí ẹ̀, wọ́n á tún kọ ọ́. Àádọ́ta iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Hideo Kojima, Hideo Kojima, Hideo Kojima. Ẹ lè fi rọ́bà pa orúkọ òṣìṣẹ́ rẹ́ lára ògiri ìta, tó bá jẹ́ òun ló mọ búrẹ́dì inú ilé náà, ẹ ó kàn máa bá orúkọ ẹ̀ pàdé bẹ́ ẹ bá ti ń wọlé ni.